Paladin mi pa ọ̀gá ọlọ́ṣà ní ìyípo kan: ṣé kí n fòfin dè é?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń darí eré Dungeons & Dragons fún àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún nílùú Ọ̀yọ́ níbí. Ìlànà 2014 la ń lò, a sì ti dé ìpele 8. Ọ̀kan nínú wọn da paladin ìpele 6 pọ̀ mọ́ sorcerer ìpele 2. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọ̀gá ọlọ́ṣà tí mo fi oṣù méjì múra rẹ̀ sílẹ̀, tó ní ẹ̀mí 100, kò lò ju ìyípo kan lọ. Ọmọbìnrin tó ń ṣe wizard fi ọfọ̀ Hold Person dè é, paladin yìí rìn lọ bá a, ó ṣá a lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Jagunjagun wa ò tíì fa idà yọ. Wizard yẹn ti wá ń sọ pé òun ò mọ̀ bóyá òun máa tún wá mọ́, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá eré ṣe. Paladin ní gbogbo ohun tóun ṣe ló wà nínú ìwé. Ṣé ó ń rẹ́ wa jẹ ni? Ṣé kí n fòfin dè é? Àbí kí n jí ọ̀gá ọlọ́ṣà náà dìde, kí n fún un ní ẹ̀mí 300?”

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì tún un kà. Ohun tó ká mi lára jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́ṣà tó kú, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi tábìlì sílẹ̀ ni. Ọ̀tá tuntun kò wọ́n. Bó o bá jókòó lálẹ́ kan, wàá dá mẹ́ta sílẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n nílùú tí a ti ń fi àtùpà wá ẹni tí yóò jókòó wákàtí mẹ́rin sídìí eré tí kò ní bọ́ọ̀lù, tí kò ní tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá lọ ṣòro í rí dá padà. Nítorí náà, bí mo ṣe ń dáhùn ọ̀rọ̀ paladin, ojú mi wà lára wizard yẹn.

Fún ẹni tí kò bá tíì jókòó síbi irú eré yìí rí, èèyàn bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa ń yí tábìlì ká. Ẹnì kan tí à ń pè ní DM ló ń sọ ìtàn, tó ń ṣe ọ̀tá, tó ń ṣe ọba, tó ń ṣe ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu odi. Àwọn tó kù ní akọni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń darí. Akọni kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: paladin ń fi idà àti agbára mímọ́ jà, wizard kọ́ ọfọ̀ nínú ìwé, sorcerer ni wọ́n bí ọfọ̀ mọ́. Ìpele ni bí akọni ṣe dàgbà tó nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀mí ni iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú, ìyípo kan sì ni kí olúkúlùkù ti ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà. Ohun tí ẹnu bá ní òun fẹ́ ṣe, dáìsì olójú 20 ló máa ń sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ẹ̀dà karùn-ún tó jáde ní 2014 ni àbúrò mi ń lò.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ kúrò lọ́nà. Gba ìwé akọni rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni agbára apá rẹ̀ àti Charisma rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fa èèyàn mọ́ra tó: kò gbọdọ̀ sí èyí tó dín ní 13 nínú méjèèjì kó tó lè da iṣẹ́ méjì yìí pọ̀. Èkejì ni àyè ọfọ̀ rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó lè lo agbára ọfọ̀ kó tó sùn. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Wọ́n á ka àyè paladin lọ́tọ̀, wọ́n á ka ti sorcerer lọ́tọ̀, wọ́n á wá ro ó pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì ìpele paladin ni wọ́n ń kà: 6 á di 3, wọ́n á fi 2 ti sorcerer lé e, ó di 5. Ìlà karùn-ún nínú àtẹ àwọn tó ń da iṣẹ́ pọ̀ lo máa wò, ohun tó wà níbẹ̀ ni àyè 4 ti ìpele kìíní, 3 ti ìpele kejì, àti 2 ti ìpele kẹta (ìpele ọfọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti akọni). Bí tirẹ̀ bá ju èyí lọ, àṣìṣe ìṣirò ni. Bá a tún un ṣe jẹ́jẹ́, kó o má sì pè é lólè. Bó bá jẹ́ iye yìí ló wà níbẹ̀, ọmọ náà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n “ó wà nínú ìwé” tó ń sọ yẹn náà kò pé tán. Ìwé 2014 fúnra rẹ̀ sọ pé dída iṣẹ́ pọ̀ jẹ́ ohun tí DM lè gbà, tó sì lè má gbà. Ìwọ lo gbà á. Nígbà tó mú un wá, o wò ó, o ní kò burú. Ìyẹn ni kò ṣe yẹ kó o dìde lọ́sàn-án kan ṣoṣo kó o ní ó ti di èèwọ̀.

Nísinsin yìí, jẹ́ ká ka agbára yẹn bí ẹni ń ka owó. Bí idà ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjì gbé ló ń lò, dáìsì olójú 6 méjì ni, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 7. Bí agbára apá rẹ̀ bá jẹ́ 18, á fi 4 lé e, 11. Smite tó jẹ́ àbùdá paladin ló wá ń bọ̀: á ná àyè ọfọ̀ ìpele kẹta kan, á ju dáìsì olójú 8 mẹ́rin, 18 nìyẹn. Àpapọ̀ jẹ́ 29 fún ìṣá kan. Paladin ìpele 6 lè ṣá lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó bá kàn án, nítorí náà 58. Iye yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n kò pa ẹni tó ní ẹ̀mí 100. Níbo la ti rí èyí tó kù? Hold Person ni. Ẹni tí ọfọ̀ yẹn bá mú, ó ti gan: kò lè rìn, kò lè gbé apá, kò lè la ẹnu. Ẹni tó bá ń ṣá a á ju dáìsì olójú 20 méjì, á mú èyí tó ga. Bó bá sì wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí i, ìṣá tó bá ti bá a, crit ni. Crit ń sọ gbogbo dáìsì di ìlọ́po méjì. Idà di 14, Smite di 36, 4 ti agbára apá dúró bó ṣe wà. Ó di 54. Lẹ́ẹ̀mejì, 108.

Wá bá mi wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 108 àti 58. Àádọ́ta ni. Ọmọbìnrin tó ní òun ò ṣe nǹkan kan yẹn ló fi 50 sí i. Kò tán síbẹ̀. Ká ní òǹkà ìhámọ́ra ọ̀gá ọlọ́ṣà rẹ, ìyẹn iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé kí ìṣá tó bá a, jẹ́ 17, tí paladin sì ní 7 láti fi kún dáìsì rẹ̀: bí kò bá sí Hold Person, ìṣá méjèèjì á bá a ní nǹkan bí ìgbà 30 nínú 100. Pẹ̀lú Hold Person, ó di nǹkan bí ìgbà 64. Láfikún sí i, òun ló jẹ́ kí paladin rìn lọ síwájú rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Nǹkan kan tún wà tí kì í hàn sójú: ẹni tó ní Smite kì í pinnu kó tó ṣá. Ó máa ṣá ná, á rí i pé ó ti bá a, á rí i pé crit ni, kó tó wá ná àyè ọfọ̀ rẹ̀. Kò lè pàdánù. Ti wizard kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè rẹ̀ ti lọ kí ọ̀tá tó ju dáìsì tirẹ̀ láti fi kọ̀ ọ́. Bí ọ̀tá bá kọ̀ ọ́, ó di òfo. Nínú ìjà yẹn, òun nìkan ló fi nǹkan tirẹ̀ wewu.

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó rí i? Mo mọ̀ ọ́n, torí ó ti ṣojú mi. Dáìsì olójú 8 méjì péré ló wà nínú àpò awọ tí a ń kó dáìsì wa sí. Lọ́jọ́ tí irú èyí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì mi, iná ti lọ, àtùpà oníbátìrì kan la gbé sáàárín. Crit kan gba dáìsì mẹ́jọ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹrin la ju méjèèjì, ẹnì kan ń fi pẹ́ńsù kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn ìwé: 11, ó di 20, ó di 33. Nígbà tá a fi máa ju ìkẹta, gbogbo orí ti tẹ̀ sórí àtùpà, àwọn kan ti dìde dúró, wọ́n ń pariwo iye bí ẹni ń ka gọ́ọ̀lù. Ẹni tó pe ọfọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ti ju tirẹ̀ tán, èmi ni mo bá ọ̀tá ju dáìsì kan ṣoṣo sẹ́yìn páálí, mo ní “ó mú un”, ó parí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹni tí dáìsì rẹ̀ pọ̀ lorí tábìlì ló máa ń gba ìyìn. Àfi kí DM fi ẹnu ara rẹ̀ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, nítorí náà kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti yé. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa nípa Tìmì àti Gbọ́nkáà, ọfà iná ni Tìmì ní, kò sì sí jagunjagun tó lè dúró níwájú rẹ̀. Kì í ṣe idà ni Gbọ́nkáà fi mú un. Ọfọ̀ oorun ló pè sí i, Tìmì sùn lọ fọnfọn pẹ̀lú ọfà iná rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti sùn, ọmọdé lè gbé e. Bó o bá ń sọ ìtàn yẹn fún ọmọ, ṣé ẹni tó gbé Tìmì tó ti sùn lo máa yìn ni, àbí ẹni tó mú un sùn? Lọ bá wizard rẹ kó tó di Sátidé, kó o ka 50 yẹn fún un. Má fi ránṣẹ́ lórí fóònù bó bá ṣeé ṣe. Lọ bá a.

Ní báyìí, a dé ibi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tìrẹ, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, torí kò sí DM tí kò ṣe é rí. Ọ̀gá ọlọ́ṣà rẹ dá dúró. Akọni márùn-ún ló wá bá a, ìyẹn ni pé ohun márùn-ún ń ṣẹlẹ̀ sí i kó tó ṣe ẹyọ kan. Igi kan kì í dágbó ṣe. Bó o fún un ní ẹ̀mí 300, kò yí èyí padà; ó kàn máa gan fún ìyípo mẹ́ta dípò ẹyọ kan ni, àwọn ọmọ rẹ á sì máa gún igi. Hold Person tí wọ́n pè láti àyè ìpele kejì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú, èèyàn tàbí ẹni tó dà bí èèyàn nìkan ló sì ń mú. Bí ọ̀gá náà bá ní igbákejì méjì, tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn, ọ̀kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà kí paladin má baà kọjá, èkejì á ta ọfà sí wizard. Ẹni tó ń pe Hold Person ní láti fọkàn sí i. Bí nǹkan bá bà á, yóò ju dáìsì, kò sì gbọdọ̀ dín ní 10 tàbí ìdajì ìpalára náà, èyí tó bá pọ̀ jù. Bó bá kùnà, ọfọ̀ tú. Níbẹ̀ ni jagunjagun rẹ tí kò fa idà yọ á ti rí iṣẹ́ ṣe: òun lá dúró níwájú wizard. Ibi tí ọ̀tá wà náà ṣe pàtàkì. Paladin ń rìn ẹsẹ̀ bàtà 30 nígbà tó bá kàn án. Gbé ọ̀gá ọlọ́ṣà sórí òkè odi, kó jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 60, kí àtẹ̀gùn wà láàárín. Kò sí òfin tuntun tó o ṣe, kò sì sí ẹni tó lè ní o rẹ́ òun jẹ.

Èyí tó tóbi jù lọ nínú ẹ̀bi náà ni oorun. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn akọni rẹ sun wákàtí 8 lóru tó ṣáájú ìjà yẹn, wọ́n jí, wọ́n jẹun, wọ́n rìn tààrà lọ bá ọ̀gá. Àyè ìpele kẹta méjì péré ni paladin yìí ní lójúmọ́. Ó ná méjèèjì lórí ẹnì kan, nítorí pé ó mọ̀ pé kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ṣe eré yìí kò gbé e ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé DM ti 2014 sọ pé ọ̀wọ́ akọni lè gba ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́, pẹ̀lú ìsinmi kékeré oníwákàtí kan bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín. Lórí ìwọ̀n yẹn ni wọ́n gbé agbára Smite lé. Bó bá jẹ́ ìjà kẹrin ló bá ọ̀gá ọlọ́ṣà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àyè ìpele kìíní kan ló kù sí i lọ́wọ́, Smite rẹ̀ á sì jẹ́ dáìsì 2 dípò 4. Jagunjagun yín, ní tirẹ̀, idà rẹ̀ kì í tán.

Mo mọ ohun tó o máa sọ. Ìjà mẹ́fà kò lè wọ inú ìrọ̀lẹ́ kan. Òótọ́ ni. Àwa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́jọ, wọ́n ti ń pe ẹni kan nílé, bátìrì àtùpà ti ń rẹ̀. Ìjà méjì la máa ń rí jà, bó bá pọ̀ jù mẹ́ta. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tú ọjọ́ inú ìtàn kúrò lára ọjọ́ tí a bá jókòó. Ọjọ́ kan nínú ìtàn wa lè gba Sátidé mẹ́ta. Bí a bá dìde, olúkúlùkù á kọ àyè ọfọ̀ tó kù sí i sínú ìwé, a ò ní sùn nínú ìtàn títí a ó fi padà wá. Ó gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó mọ́ wọn lára, wọ́n kùn sí i gidigidi níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tí mo ti fi lélẹ̀ tó mú kí agbára àwọn akọni mi dọ́gba tó èyí. Ohun tí kò bá sì jẹ́ kí wọ́n lè sùn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ nínú ìtàn: wọ́n jí ọmọ ọba gbé, wọ́n máa pa á kílẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lo kàn ń rán ìkookò sí wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ìwọ ni.

Mo sọ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọmọkùnrin kan wà lórí tábìlì mi tẹ́lẹ̀ tó ń lo hand crossbow, ọrun kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ta, ó ní ẹ̀bùn Sharpshooter, ó sì ní ẹ̀bùn Crossbow Expert. Ìyẹn náà jẹ́ àdàpọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀: èkejì fún un ní ọfà kan sí i, àkọ́kọ́ jẹ́ kó yọ 5 kúrò nínú dáìsì rẹ̀ kó lè fi 10 kún ìpalára rẹ̀. Sí ẹni tí òǹkà ìhámọ́ra rẹ̀ jẹ́ 15, ọfà mẹ́ta rẹ̀ tó yẹ kó máa fa ìpalára bíi 16 ń fà bíi 24. Bí àlùfáà ọ̀wọ́ wọn bá wá pe Bless sí i, ọfọ̀ ìpele kìíní lásán, ó ti rí ìdajì 5 tó yọ yẹn gbà padà. Ó ń pa ọ̀tá mi bí ẹni ń já máńgòrò. Inú bí mi. Mo dá tafàtafà kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó borí rẹ̀ lọ: ó ń ríran nínú òkùnkùn, ó ń ta láti ibi tí ọfà ọmọ náà kò dé, ìhámọ́ra rẹ̀ le. Mo fi ṣubú lu ọmọ náà níjà méjì léraléra. Ní ìparí ìkejì, ó kó dáìsì rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀tá ló ń bá mi jà, ẹ̀yin ni.” Kò padà wá. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, torí òótọ́ ló sọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rántí ibi tí ìtàn Gbọ́nkáà parí sí. Kí ló dé tí Gbọ́nkáà àti Tìmì fi jà rárá? Ṣàngó ni. Àwọn baba wa ní agbára àwọn jagunjagun méjèèjì ti ń ba Aláàfin lẹ́rù, ló bá ti ọ̀kan lu èkejì kí wọ́n lè pa ara wọn. Gbọ́nkáà mú Tìmì wálé, Ṣàngó ò gbà, ó ní kí wọ́n tún un jà ní Akẹ́sán lójú gbogbo ayé. Gbọ́nkáà tún borí. Wọ́n ju Gbọ́nkáà síná, ó jáde láàyè. Nígbà tó fi máa parí, jagunjagun kan ti lọ, èkejì ti kẹ̀yìn sí ọba, ìtẹ́ ò sì gba ọba mọ́. Ẹ̀dá tó o bá dá láti fi lu akọni kan pa, bó borí, o pàdánù ẹni tó ni akọni náà. Bó bá kùnà, agbára tó ń bà ọ́ lẹ́rù á di ìlọ́po méjì lójú gbogbo wọn. Má dán an wò.

Ǹjẹ́ àdàpọ̀ kan wà tó yẹ kéèyàn fòfin dè? Ó wà. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ni pé: kí ni ẹni tó ń lò ó ń ná, kí sì ni ọ̀tá lè ṣe sí i? Tọmọ yìí, ó ń ná àyè tó wọ́n, ó ní láti súnmọ́ ọ̀tá, ọ̀tá sì lè kọ Hold Person. Èyí ṣeé gbà. Wá fi wé warlock, ẹni tó bá ẹ̀dá abàmì kan dá májẹ̀mú kó lè gba ọfọ̀, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ sorcerer láti má sùn mọ́. Àyè ọfọ̀ warlock máa ń padà lẹ́yìn ìsinmi wákàtí kan. Sorcerer lè sọ àyè di èérún agbára, kó tún sọ èérún náà di àyè mìíràn, àwọn àyè yìí kì í sì í lọ àfi bó bá sun oorun ńlá. Nítorí náà kò sùn. Ó ń sinmi wákàtí kan, wákàtí kan, látòru mọ́jú, ó ń tọ́jú àyè jọ bí ẹni ń tọ́jú àgbàdo sáká. Ìwé kan tó jáde ní 2017 fi òfin sí i pé ẹni tó bá lo wákàtí 24 láìsun oorun ńlá gbọ́dọ̀ ju dáìsì tó tó 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àárẹ̀ á mú un, á sì máa fi 5 lé e lójoojúmọ́. Ó dín in kù, àmọ́ mi ò gba irú akọni yẹn lórí tábìlì mi rárá, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bákan náà ni ti àwọn méjì tí ọ̀kan á pe Sickening Radiance, ìmọ́lẹ̀ tó ń fa àárẹ̀, sára òmìrán, tí èkejì á fi Wall of Force bò ó mọ́bẹ̀. Ògiri tí ìpalára kankan kò lè fọ́ ni, ìmọ́lẹ̀ náà lè wà fún ìṣẹ́jú 10, ìyẹn ìyípo 100, àárẹ̀ mẹ́fà sì ni ikú. Mo gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ọgbọ́n ni. Lẹ́yìn ìyẹn a jọ gbà pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, torí kò sí eré kankan nínú kéèyàn jókòó máa wo àpótí.

Ní ti paladin rẹ, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bó o bá ti tún ìjà rẹ ṣe, tó o fi ọjọ́ gùn, tí agbára rẹ̀ ṣì ń bo ti gbogbo èèyàn mọ́lẹ̀, ohun kan wà tí mo lè fọwọ́ sí. Nínú ìlànà tuntun ti 2024, wọ́n sọ Smite di ọfọ̀ tó ń gba àyè iṣẹ́ kékeré, èyí tí akọni ní ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè lò ó nígbà tó bá kàn án. Bó o bá mú òfin yìí nìkan, 108 á di 72: ìṣá kan 54, èkejì 18. Ó ṣì lágbára, ọ̀gá ọlọ́ṣà á sì ṣẹ́kù láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn eré, ẹ̀yin méjì péré, kó o bi í ná. Fún un láyè láti tún akọni rẹ̀ tò bó bá fẹ́, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí Smite méjì yẹn ló ṣe mú sorcerer. Má kéde rẹ̀ lójú gbogbo wọn bí ìdájọ́.

Àwọn kan á gbà ọ́ níyànjú pé kó o fún ọ̀gá ní agbára tí àwọn dírágónì ńlá ní, ìyẹn Legendary Resistance, kó lè kọ ọfọ̀ tó bá ti mú un nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, èmi náà ń lò ó fún ọ̀tá ńlá. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó máa jẹ ìyà rẹ̀. Paladin á ṣì máa ṣá, dáìsì rẹ̀ á ṣì máa dún lórí tábìlì. Wizard ni yóò pe ọfọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí wàá sì wí fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé kò mú. Fún ẹni tó ti ní ẹsẹ̀ kan nílẹ̀kùn, èmi ò ní ṣe é lóṣù yìí.

Gbogbo èyí tí mo sọ kò lè tún ìwà ènìyàn ṣe o. Bó bá jẹ́ pé paladin yìí máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn yòókù, tó ń sọ fún wizard ọfọ̀ tí kó pè, tó ń fi jagunjagun ṣẹ̀sín, kò sí òǹkà ìhámọ́ra tó wo irú rẹ̀ sàn. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n. Bó bá sì jẹ́ pé jagunjagun yín gan-an kò bìkítà pé òun ò fa idà yọ, tó kàn fẹ́ràn láti jókòó pẹ̀lú yín kó máa rẹ́rìn-ín, má dá ìṣòro sílẹ̀ fún un. Bi í léèrè.

Ó ku ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn. Rárá, má jí ọ̀gá ọlọ́ṣà náà dìde. Wọ́n pa á, ó ti kú. Bó o bá jí i, o ti gba iṣẹ́ wizard padà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọlọ́ṣà tó rí bó ṣe gan tí wọ́n sì sá lọ ni kó o lò. Jẹ́ kí wọ́n ti gbé ìròyìn dé ọjà kí àwọn akọni rẹ tó wọ ìlú: obìnrin kan ń bọ̀, ẹnu lásán ló fi sọ ọ̀gá wọn di igi. Kò sí ẹni tó rántí ẹni tó mú idà. Àbúrò ọ̀gá náà ti gorí àlééfà, ó ti fi owó wúrà 500 sórí ẹni tó bá gbé obìnrin náà wá láàyè, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n máa fi di ẹnu rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ Sátidé yìí látibẹ̀, nígbà tí ìyá alákàrà ẹnu odi bá wo ojú rẹ̀ tó sì ju ìgbákọ sílẹ̀.